Bí Mo Ṣe Fi Ìka Méjì Ta Gìtá láti Ẹ̀fọ̀n dé Ìjerò

Orin ni awakọ̀ wa ń kọ tẹ̀lé rédíò bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ó sì dákẹ́ láìparí rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà nìyẹn, kì í ṣe eré tí ọkọ̀ ń sá. Ẹni tó bá ń ta gìtá bíi tèmi máa ń mọ ibi tó yẹ kí orin balẹ̀ sí. Tí ẹnìkan bá já a sílẹ̀ lójijì, ara mi a fura. Mo wo ẹsẹ̀ awakọ̀ náà. Ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọlé lọ títí ó fi kan ilẹ̀ ọkọ̀, bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹrẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Kò pariwo rárá. Ó kàn sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di nǹkan mú."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Ìsẹ́yìn mọ̀ pé ojo ni mí. Èmi ni mo máa ń yẹ táyà ọkọ̀ wò kí n tó wọ inú rẹ̀, tí àwọn èrò á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo yẹ táyà wò lọ́jọ́ náà. Ta ló máa ń yẹ bíréèkì wò? Ọ̀nà náà yí sọ́tùn-ún, ó tún yí sósì, òkè wà lápá kan, ọ̀gbun wà lápá kejì. Awakọ̀ náà wá ṣe ohun tí mo ṣì fi ń gbàdúrà fún un títí dòní: ó yí imú ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, ó sì jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ gbà wá. Nígbà tí ariwo lọ sílẹ̀, gbogbo wa ló wà láàyè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì mi há sáàárín irin àga méjì, n kò sì rí ìka mi.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ohun tó gbé mi dé ọ̀hún. Ṣọlá, tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ olórin ṣọ́ọ̀ṣì wa kó tó di alùfáà, ni wọ́n gbé lọ sí Ìjerò. Ó ní kí n wá ta gìtá níbi ìkórè wọn, kí n sì tètè wá kí n lè bá wọn gbáradì. "Mo fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ọwọ́ rẹ lè ṣe," bẹ́ẹ̀ ló wí lórí fóònù. Ọwọ́ yẹn gan-an ló há.

Àwọn tó sáré wá pẹ̀lú àdá

Láti inú oko kòkó tó wà lókè ọ̀nà ni àwọn ọkùnrin ti ń sáré bọ̀, àdá lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ irú ohun tí ojú àwọn èèyàn ń rí lójú ọ̀nà láyé ìsinsìnyí. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé a bọ́ lọ́wọ́ bíréèkì, a ò ní bọ́ lọ́wọ́ èyí. Mo di ojú mi.

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi jẹ́ bàbá kan tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ara rẹ̀ ń rùn fún omi kòkó. Ó fi àdá ya awọ àga náà, ó gba ọ̀pá irin lọ́wọ́ awakọ̀, ó ti orí rẹ̀ bọ àárín àga méjèèjì.

"Má wo ọwọ́ yẹn," ló wí fún mi. "Ojú mi ni kó o máa wò. Ará ibo ni ẹ́?"

"Ìsẹ́yìn, sà."

"Ará Ọ̀yọ́! Aṣọ òkè tó o gbé wá fún wa dà?"

Mo ya ẹnu láti sọ pé n kò gbé aṣọ kankan wá. Ibẹ̀ ló ti fa irin náà, ọwọ́ mi sì jáde. Bàbá Dúpẹ́ ni wọ́n ń pe bàbá náà. Lẹ́yìn tó fi aṣọ orí rẹ̀ di ọwọ́ mi, ó lọ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé imú ọkọ̀ tó ti rún wómúwómú, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ògún pé kò gba ẹnì kankan. Àwọn obìnrin tó ti oko dé ń pariwo "Jésù, o ṣeun!" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà kan náà. Kò sẹ́ni tó wo ẹnìkejì rẹ̀ ní ìwòkuwò. Ohun àkọ́kọ́ tó wù mí lára àwọn èèyàn náà nìyẹn, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán lára mi.

Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n gbé mi lọ fi igi pẹlẹbẹ kan di ìka kékeré mi àti èyí tó tẹ̀ lé e pọ̀. Nígbà tí dókítà dé láti Àràmọkọ, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó tú u wò, ó tẹ ibẹ̀, ó sì fi bírò fa ìlà kan yí ìdí ìka kejì náà ká.

"Ìka kékeré á san," ló wí. "Èyí ni mò ń wò. Dúdú tí ẹ rí yìí, tó bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìlà tí mo fà, a máa gé ìka náà kó má baà ba ọwọ́ yín jẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ rìn jìnnà. Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Kápẹ́ńtà ni mí, mà. Ṣùgbọ́n gìtá ni mo máa ń ta."

Ó wo gìtá mi tí wọ́n gbé tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti la. Nọ́ọ̀sì ló gbà á sọ. Ó já pílásítà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí gìtá ti la, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ máa gba ìtọ́jú."

Oúnjẹ àárọ̀

Bàbá Dúpẹ́ ní kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tí n óò sùn, pé ilé òun ni. Ọ̀kadà ló gbé wa gun òkè lọ síbẹ̀. Ilé ní Ẹ̀fọ̀n gun orí ara wọn bí àtẹ̀gùn. Ẹnu ọ̀nà ilé kan wà ní ọ̀gangan òrùlé ilé kejì. Lówùúrọ̀, ìkùukùu a bo gbogbo rẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ ìlú láìrí i. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré fún ará Ìsẹ́yìn.

Ohun tí mo sì kọ́kọ́ máa ń gbọ́ nínú ìkùukùu náà ni ọmọ odó. Màmá Dúpẹ́, ìyàwó Bàbá Dúpẹ́, àti àbúrò rẹ̀, Àǹtí Rónkẹ́, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ni wọ́n jọ ń gúnyán. Iyán ni oúnjẹ àárọ̀ níbẹ̀. Mo tún un sọ kí ẹ má baà rò pé mo ṣì í kọ: ní àárọ̀, kí ojú tó là tán. Mo wo òkìtì iyán funfun náà, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò tí wọ́n ju olú sí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ẹ̀kọ.

"Ẹ̀kọ!" Àǹtí Rónkẹ́ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Wọ́n ní ẹ̀kọ. Ṣé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ni?"

"Ẹ jẹ uṣu, Bọ̀dá," ni Màmá Dúpẹ́ wí. Uṣu ni wọ́n ń pe iṣu, ulé ni wọ́n ń pe ilé. Tí wọ́n bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, n kì í gbọ́ ju ìdajì lọ. Tí wọ́n bá yíjú sí mi, wọ́n á rọ ahọ́n wọn bí ẹni tó ń bá ará rédíò sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè sín mi jẹ. Ó dùn mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì mo ń mọ̀ọ́mọ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín.

Màmá Dúpẹ́ rí i pé àárò oúnjẹ ilé ń sọ mí. Ó ra èlùbọ́, ó ro ọkà fún mi. Kókó inú rẹ̀ tóbi tó ẹyin àparò. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì dúpẹ́ gidigidi, nítorí n kò rí ẹni tó máa ṣe irú ohun bẹ́ẹ̀ fún àlejò tí ọkọ̀ gbé dànù sí ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti orin wọn. Wọ́n a máa kọrin tí wọ́n bá ń gúnyán. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo rò pé ọ̀kan nínú wọn ń ṣi orin kọ. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é nílé wa: ẹni kan á dá orin, gbogbo ènìyàn á gbè é, ohùn kan náà ni gbogbo wa á sì máa sọ. Níbẹ̀, tí a bá fi dò-rè-mí kà á, bí Màmá Dúpẹ́ bá wà lórí mí, Àǹtí Rónkẹ́ á wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lórí dò. Bí ẹ̀gbọ́n bá lọ sí rè, àbúrò á lọ sí tì. Wọ́n á jọ máa rìn bẹ́ẹ̀, wọn kò ní pàdé, wọn kò sì ní jìnnà síra, títí orin á fi parí. Dò, rè, mí, sò àti là ni èmi fi ń jẹun láti ìgbà tí mo ti ń ta gìtá. Àwọn ohùn tí mo máa ń fò, fà àti tì, ni Àǹtí Rónkẹ́ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láìṣiyèméjì.

"Àǹtí, ta ló kọ́ yín ní ohùn kejì yẹn?"

"Èwo ni kejì? Orin ni mò ń kọ."

"Ohun tí Màmá ń kọ kọ́ lẹ̀ ń kọ."

"Tí mo bá ń kọ ohun tí wọ́n ń kọ, kí ni mo wá ṣe níbẹ̀?" Ó gbé ọmọ odó sókè. "Àbí ní Ọ̀yọ́ tiyín, ńṣe lẹ máa ń rọ́ lu ara yín lójú ọ̀nà kan?"

Àga Àǹtí Rónkẹ́

Ìjerò ni wọ́n ti bí àwọn obìnrin méjèèjì. Ìkórè tí Ṣọlá pè mí sí, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bàbá wọn ni, wọ́n sì máa ń lọ kọrin níbẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí Ṣọlá wá kí mi ní Ẹ̀fọ̀n, tó rí ọwọ́ mi, ojú rẹ̀ fà ro. Ó gbàdúrà. Ó ní tí n kò bá tiẹ̀ lè ta gìtá, kí n ṣáà wá jókòó kí òun rí mi. Ẹni tó bá ti rìn jìnnà nítorí ohun kan ló máa mọ bí gbólóhùn yẹn ti korò tó.

Nítorí náà mo tẹ̀ lé wọn lọ síbi tí ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ẹ̀fọ̀n ti ń gbáradì. Lárààárọ̀ ni mo ń tú etí aṣọ ọwọ́ mi wò, bóyá dúdú náà ti dé ibi ìlà bírò. Ó ti ń sún mọ́ ọn. Mo ronú pé tí wọn yóò bá gé e, kí n mọ ohun tí ìka méjì tó kù lè ṣe.

Mo gbé gìtá onípílásítà lé itan. Ìka tí mo fi ń júwe àti ìka àárín nìkan ni mo ní. Wọ́n dá orin. Bí Màmá Dúpẹ́ ti na ohùn rẹ̀ lórí rè, mo fi dò bọ àárín rẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe nílé, níbi tí gbogbo èèyàn á ti pariwo "Ó ṣeun!" Dò mi lọ forí gbá tì Àǹtí Rónkẹ́. Ẹ ò nílò ilé ẹ̀kọ́ orin kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ. Ó dà bí ìgbà tí irin bá ha irin. Àǹtí wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń kọrin lọ.

Mo tún un rò. Mo sọ fún ara mi pé, ó dára, níwọ̀n ìgbà tí mo ti mọ ibi tí ó ń gbà, kí n bá a gbà á. Ìka méjì lè di okùn méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi ọ̀kan sórí ohùn Màmá Dúpẹ́, mo fi èkejì sórí ohùn Àǹtí, mo sì ń bá wọn lọ ní méjì méjì. Ó dùn létí mi. Inú mi dùn sí ara mi débi pé n kò tètè mọ̀ pé ìsàlẹ̀ orin náà ti fúyẹ́. Àǹtí Rónkẹ́ ti jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń kọ apá ìsàlẹ̀ náà ti jókòó tì í. Màmá Dúpẹ́ nìkan ló kù lórí ìdúró pẹ̀lú àwọn tó ń kọ tòkè.

"Kí ló dé?" ni mo bi wọ́n. "Mo ṣì í ta?"

"Rárá o," ni Àǹtí Rónkẹ́ wí. "Ó dáa. Ẹ máa bá a lọ."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi jókòó?"

"Ẹ ti gbà á. Àlejò wa lẹ jẹ́. Tí mo bá ti inú yàrá bọ̀ tí mo bá àlejò lórí àga mi, ṣé mo máa ní kó dìde ni? Mo máa wá ibòmíràn jókòó sí."

Kì í ṣe pé ó ń bínú. Èyí ló tún jẹ́ kí ojú tì mí jù. Ní tiwọn, tí ẹnìkan bá ti wọ inú ohùn tí o wà, tó sì jẹ́ àlejò, wàá yàgò fún un. Wọ́n rò pé mo fẹ́ ẹ ni. Gbogbo apá ìsàlẹ̀ orin ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ, láìjanpata, bí ẹni tó fún èèyàn ní omi mu.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ àga yín."

"Ẹ dìde níbẹ̀ nígbà náà."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Níbo wá ni kí n jókòó sí?"

Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ibi tí kò bá ti sí èèyàn. Ẹ máa wò ó kẹ́ ẹ tó jókòó."

Ohun tí mo fi àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ṣe kò ju èyí lọ. Mo ń gbọ́ kí n tó tẹ okùn. Bí Màmá Dúpẹ́ bá wà lórí rè, tí Àǹtí wà lórí tì, sò ìsàlẹ̀ ṣófo. Mo lè ta á lẹ́ẹ̀kan, kí n jẹ́ kó máa dún lọ. Dò ò ṣófo, bó ti wù kó wù mí tó, nítorí ó fara kan tì jù. Tí wọ́n bá ń mí sínú, gbogbo ilé ṣófo. Ìgbà yẹn ni mo lè rìn. Mo lè bẹ̀rẹ̀ ní mí, kí n gòkè sí sò, kí n dé là, kí n sì dúró. Tì ló kàn lẹ́yìn là. Tí mo bá dúró síbẹ̀, tí n kò tẹ̀ ẹ́, Àǹtí Rónkẹ́ á gbà á lẹ́nu mi bí ẹni gba igbá lọ́wọ́ èèyàn. Lọ́jọ́ tí èyí kọ́kọ́ bọ́ sí i, ó nawọ́ sí mi láàárín orin, ó ní, "Ará Ọ̀yọ́ ti mọ̀nà!"

Ká ní ìka mi pé ni, n kò ní kọ́ ọ. Ìka tó pé ti mọ ọ̀nà tirẹ̀ jù. Kí n tó ronú ló máa ń ti dé.

Sísọ̀kalẹ̀ lọ sí Àràmọkọ

Ọjọ́ tí dókítà ní kí n wá rí òun ní Àràmọkọ pé. Ó di dandan kí a gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Bàbá Dúpẹ́ gbé ọ̀kadà rẹ̀ jáde. Bí a ti dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, tí mo rí ọ̀nà tó rì lọ nísàlẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo máa fẹsẹ̀ rìn, sà."

"Títí dé Àràmọkọ?"

"Títí dé ibi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú."

Bàbá tó lè gbéra kó máa lọ, kò lọ. Ó pa ọ̀kadà rẹ̀, ó di bíréèkì mú, ó ń yí i jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti òkè délẹ̀, ó ń bi mí ní ìbéèrè nípa ìlú wa. Àwọn tó ń kọjá ń bi í pé kí ló dé, ṣé epo ló tán ni? "Epo wà," ló ń dá wọn lóhùn. "Àlejò mi fẹ́ rí oko wa dáadáa." Kò sọ fún ẹnì kankan pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Nígbà tí a kọjá ibi tí ọkọ̀ wa ti forí gbá yẹ̀pẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí n má baà rí i tán.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà tú aṣọ náà. N kò lè wò ó. Ojú dókítà ni mò ń wò, bí Bàbá Dúpẹ́ ti kọ́ mi. Ó fi àtàǹpàkò nu ibi ìlà bírò, èyí tí mo ti ń fi ọwọ́ ara mi tún fà kó má baà parẹ́.

"Kò dé ibẹ̀," ló wí. "Ó ti ń padà sẹ́yìn. A ò ní gé e."

Mo fi ojú pamọ́. Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta gbọ́, ẹ sì mọ̀ pé n kò mọ ẹyọ kan nínú wọn. Gbogbo wọn ló dìde kí mi bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ. Ìyá kan tó gbé apá tirẹ̀ kọ́rùn bọ àgbàdo sísè sí mi lápò.

Ṣùgbọ́n dókítà kò tíì tán. Ó mú abẹ́rẹ́, ó ní kí n dijú. "Ẹ sọ fún mi tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n." Mo dúró, mo dúró. Ìgbà tí mo la ojú, ẹ̀jẹ̀ ti yọ lórí ìka náà. N kò mọ nǹkan kan.

"Ó lè padà wá," ló wí. "Ó sì lè máa wà bẹ́ẹ̀ bí igi. Tí awọ rẹ̀ bá ti pa dé dáadáa, ẹ máa fi sínú omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́, kẹ́ ẹ máa ká a, kẹ́ ẹ sì máa nà án. Omi gbígbóná Ìkọ́gòsì kò jìnnà sí yín."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mọ̀ pé ìka tí kò mọ nǹkan lára, tí èèyàn bá gbé e lé okùn gìtá, kò yàtọ̀ sí ìka tí wọ́n ti gé.

Omi méjì

Mo dúró títí awọ náà fi pa dé pátápátá kí n tó gbà láti lọ. Wọ́n ní mò ń ṣọ́ra jù. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù inú igbó Ìkọ́gòsì dùn; n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi gíga bo orí èèyàn, afẹ́fẹ́ tutù, omi kan sì ń ti ara òkè ṣàn bọ̀ tí èéfín díẹ̀ ń rú lára rẹ̀. Èkejì ń ti ibòmíràn bọ̀, òun tutù. Wọ́n pàdé, wọ́n sì jọ ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí ẹ bá ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, ọ̀kan á gbóná, ọ̀kan á tutù. Àwọn àlejò tó ti ìlú ńlá wá ń ya fọ́tò, wọ́n sì ń ké bí ọmọdé. Èmi náà ké.

Àǹtí Rónkẹ́ bá mi lọ. Mo ki ọwọ́ òsì mi bọ omi gbígbóná, lẹ́yìn náà mo gbé e sí tútù. Ìka tó kù mọ̀ ọ́n. Èyí tí a ń sọ kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí ìkejì.

"Kò mọ èyí tó gbóná?" ni Àǹtí bi mí.

"Kò mọ̀ ọ́n."

"Bí ọkọ mi ti rí nìyẹn, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Ọbẹ̀ tó ń hó ni wọ́n fi ń bọ ẹnu, wọ́n á ní ṣé mo ti gbé e kaná."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín nínú rẹ̀. Àǹtí kò sọ pé kí n má sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ orin kan, ohùn tirẹ̀ nìkan, apá ìsàlẹ̀ láìsí tòkè. Mo mọ̀ pé ó ń dúró dè mí. Mo gbé gìtá, mo fi ìka méjì mi wá apá òkè fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn tó ń ya fọ́tò ní kí n ta èyí tó yá, èyí tí wọ́n lè jó sí. Àǹtí dá a lóhùn kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀: "Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Dúró kí a parí."

Ìjerò

Mo wá dé ibi tí mo ti ilé gbéra lọ. Ìkórè Ìjerò, ẹ̀yin ará ilé, ẹ ò rí irú rẹ̀. Iṣu tí wọ́n tò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ga ju èmi lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà níbẹ̀, kòkó wà, ewúrẹ́ kan sì wà tó ń dá sí gbogbo àdúrà. Gbogbo ilé tí mo yà ni wọ́n ti gbé oúnjẹ síwájú mi kí n tó jókòó, wọ́n sì ń bi mí pé báwo ni ọwọ́, nígbà tí n kò tíì sọ fún wọn pé ọwọ́ ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ ti rìn ṣáájú mi láti Ẹ̀fọ̀n.

Ṣọlá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo ti sọ fún wọn pé tó bá di ti gìtá, gbogbo ènìyàn á dákẹ́, ìwọ nìkan á máa dárà. Ìka méjì, ṣé o lè ṣe é?"

"N kò fẹ́ kí wọ́n dákẹ́," ni mo wí.

"Báwo?"

"Jẹ́ kí àwọn ìyá máa kọrin lọ."

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Tèmi náà kò balẹ̀. Tí wọn kò bá gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí mo fẹ́ ta, á di pé mo ti Ìsẹ́yìn wá jókòó, bí ó ti wí.

Wọ́n dá orin. Màmá Dúpẹ́ wà lókè, Àǹtí Rónkẹ́ wà nísàlẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì pín ara wọn sí méjì tẹ̀ lé wọn láìsí ẹni tó pín wọn. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé mi. Mo wá àyè, mo rí ibi tó ṣófo, mo ta sò, mo jẹ́ kó dún lọ. Wọ́n mí sínú. Mo rìn díẹ̀, mo dúró. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Bàbá Dúpẹ́, tó ní òun kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì, dúró lójú fèrèsé, ó ń mi orí. Ṣọlá ti di ojú rẹ̀, kò sì wo ìka mi mọ́.

A dé ibi ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn. Ìka àárín mi wà lórí okùn kejì, lórí rè, mo fi ń dúró de Màmá Dúpẹ́. Ìka tó ti kú náà, nítorí bí mo ti máa ń tò wọ́n láti ìgbà èwe, bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lé okùn kẹta, lórí tì.

Okùn náà tutù.

Mo kọ́kọ́ rò pé ìka mìíràn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo rọra yí i. Irin tín-ínrín tí wọ́n wé mọ́ okùn náà ha mí lórí ìka, ní ìlà ìlà. Ó dùn mí. Ẹ bá mi dúpẹ́, ó dùn mí. Gbogbo ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n tú kúrò lára mi lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀, níwájú gbogbo ènìyàn, n kò sì lè sọ fún ẹnì kankan nítorí orin ń lọ lọ́wọ́. Ìka náà ti wà ní àyè rẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á dún. Ó sì ń wù mí kí n tẹ̀ ẹ́, kí n sáré, kí n fi hàn wọ́n.

Mo gbé ojú sókè. Màmá Dúpẹ́ ti wọlé sórí rè. Àǹtí Rónkẹ́ ti la ẹnu, ó ń wo ọwọ́ mi, ó rí ibi tí ìka náà wà, ó sì ti fẹ́ fà sẹ́yìn fún àlejò.

Mo gbé ìka náà kúrò lórí okùn. Àǹtí rẹ́rìn-ín, ó wọlé sórí tì, ó sì jókòó sórí àga rẹ̀.